Sáfà ímeèlì wa ti kún, ọ̀gá ní spam ló fà á: ṣé kí n pa gbogbo Junk rẹ́?

Tàdáwà · Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gíráfíìsì ni wọ́n gbà mí fún, ṣùgbọ́n bùrọ̀dá tó ń bójú tó sáfà ímeèlì wa ti jápa lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní níwọ̀n bí èmi náà ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí n máa bá wọn wò ó. Bí mo ṣe di oní-sáfà nìyẹn.

VPS ni, sáfà tí a yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, disk rẹ̀ jẹ́ 40 GB. Debian 12 ló wà lórí rẹ̀. Postfix ló ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́, Dovecot ń tọ́jú àpótí, Roundcube la fi ń kà á, SpamAssassin ń dá spam (ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè) mọ̀ kí ó lè lọ sí fódà Junk. Àkántì 11 ló wà lórí rẹ̀. Láti òru àná, ímeèlì kankan kò wọlé mọ́. Oníbàárà kan fẹ́ fi ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, Ọjọ́bọ̀ ló sì fẹ́ gbà á. Gmail kọ̀wé sí i pé òun ò tíì rí i fi jíṣẹ́, ó ní ohun tí sáfà wa sọ fóun nìyí:

`452 4.3.1 Insufficient system storage`

Ọ̀gá wa ní spam ló jẹ gbogbo àyè tán. Òótọ́ ni pé spam pọ̀, tiwọn nìkan ń tó 300 lójúmọ́. Wọ́n ní kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú Junk gbogbo èèyàn rẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá. Ṣé kí n ṣe é? Ẹ̀rù ń bà mí.

Sáfà_ò_sùn · 9:25 àárọ̀

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Wo nọ́ńbà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn, 4 ló fi bẹ̀rẹ̀. Sáfà tí wọ́n bá fi 4 dá lóhùn mọ̀ pé "máa lọ, kí o padà wá" ni wọ́n sọ fóun. 5 ni "má wá mọ́". Ímeèlì oníbàárà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Gmail, yóò máa padà wá kanlẹ̀kùn. Postfix tìrẹ náà, tó bá jẹ́ òun ló ń ránṣẹ́, ọjọ́ 5 ló máa fi gbìyànjú kó tó dá ẹrù padà fún ẹlẹ́rù. Nítorí náà kò tíì sí ohun tó sọnù.

Má fọwọ́ kan Junk ẹnikẹ́ni. Má sì fi rm pa ohunkóhun nínú Maildir, fódà tí ímeèlì wà. Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó kún. Fún mi ní èsì àwọn wọ̀nyí:

`df -h`
`df -i`
`du -xh --max-depth=2 /var | sort -h | tail`
`postconf message_size_limit`

Mo béèrè ìkẹyìn yẹn nítorí pé Postfix kì í dúró kí disk kún bámú kó tó kọ̀. Bí àyè tó kù bá ti kéré sí ìlọ́po kan àbọ̀ ímeèlì tó tóbi jù tí o gbà láyè, ó ti ń lé àlejò nìyẹn.

Owó_ńkọ́ · 9:31 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn yìí fẹ́ràn wàhálà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé lẹ ń ṣe, kí lẹ ń fi sáfà ṣe? Ẹ kó lọ sí Google Workspace tàbí Zoho, kí ẹ máa san owó oṣooṣù, kí ẹ sùn.

Aláriwo · 9:33 àárọ̀

Owó orí èèyàn 11 lóṣooṣù, kí wọ́n sì sùn. Oorun wo nìyẹn?

Tàdáwà · 9:50 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rí nìyí:

Disk 40G, 39G ti lọ, 100%. df -i ní inode (iye fáìlì tí disk lè gbà) ṣì pọ̀, 31% péré la ti lò. /var/mail 29G. /var/log 3.1G. /var/spool 1.2G. message_size_limit jẹ́ 52428800 (50 MB), bùrọ̀dá yẹn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ torí iṣẹ́ àwọn oníbàárà.

Mo tún wo inú /var/mail lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀gá 13G, design@ 9.6G, accounts@ 2.9G, info@ 2.1G, àwọn méje yòókù para pọ̀ jẹ́ 1.4G.

Sáfà_ò_sùn · 9:58 àárọ̀

O ṣeun. Junk gbogbo wọn lápapọ̀ ńkọ́?

Tàdáwà · 10:04 àárọ̀

640 MB. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Sáfà_ò_sùn · 10:16 àárọ̀

O rí i. Nínú 29 GB, Junk ò ju ìdá kan nínú 45 lọ. Ká ní o pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa tún padà wá bá wa.

Spam ò wúwo. Ọ̀rọ̀ díẹ̀, líǹkì kan, ó parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ju 20 KB lọ. 300 lójúmọ́ jẹ́ bíi 6 MB. Èèpo ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fi CorelDRAW ṣe, tó jẹ́ 18 MB, ti tó spam ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni 18 MB yẹn kì í tilẹ̀ dúró ní 18. Ímeèlì kò lè gbé fáìlì bó ṣe wà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di lẹ́tà ABD lásán kí ó tó lè rìn, ohun tí wọ́n ń pè ní base64, ìyẹn sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un. 18 di 24 kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Wá bá mi ka iye ìgbà tí èèpo ìwé yẹn wà lórí disk yín. Oníbàárà fi ránṣẹ́ sí info@, ọ̀kan. Info@ tari rẹ̀ sí design@: ọ̀kan wọ Sent info@, ọ̀kan wọ Inbox design@. Ìwọ tún un ṣe, o fi han ọ̀gá: Sent tìrẹ, Inbox ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí o yí àwọ̀ rẹ̀ padà...

Fún kíákíá, wo /var/log. 3.1G ti pọ̀ jù fún ilé ìtẹ̀wé. Ṣe `journalctl --vacuum-size=200M`, ímeèlì á máa wọlé lọ́wọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. /var/spool 1.2G? Ibẹ̀ ni ìlà tí ímeèlì tó ń jáde máa ń tò sí. Ní ilé ìtẹ̀wé, mẹ́ta, mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣe `postqueue -p | tail -1`, kí o sọ ohun tó wí fún mi.

Tàdáwà · 10:27 àárọ̀

journalctl ti ṣiṣẹ́, 2.4G bọ́ sílẹ̀, ímeèlì ti ń ya wọlé bí omi. Ìwé ètò ìsìnkú yẹn náà ti dé. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n!

Èyí tí ẹ béèrè:

`-- 1180422 Kbytes in 41873 Requests.`

Ṣé 41,873 ímeèlì nìyẹn?

Aláriwo · 10:28 àárọ̀

Yéè.

Sáfà_ò_sùn · 10:31 àárọ̀

Òun ni. Ẹnì kan ti ń fi ilé yín ṣòwò. Yára ṣe `qshape -s deferred`, yóò sọ dómèènì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà wá `sasl_username=` nínú lọ́ọ̀gì Postfix, ìyẹn ni àkántì tí wọ́n fi password rẹ̀ wọlé.

Tàdáwà · 10:39 àárọ̀

info@ ni gbogbo rẹ̀. sasl_username=info@, IP rẹ̀ (nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti wọlé) kì í ṣe ti Nàìjíríà rárá. Mo ṣí ọ̀kan wò, wọ́n ní bàǹkì kan fẹ́ fún èèyàn ní owó ogún. Orúkọ ilé ìtẹ̀wé wa ló wà lókè rẹ̀. Ojú ń tì mí.

Sáfà_ò_sùn · 10:44 àárọ̀

Má jẹ́ kójú tì ọ́ báyìí, iṣẹ́ ṣì wà. Tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, má fo ọ̀kankan.

Pààrọ̀ password info@ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà `doveadm kick info@example.com`, kí o sì tún Postfix bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ lè ṣì jókòó sínú ilé lẹ́yìn tí o ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, `postsuper -h ALL`: gbogbo ohun tó wà nínú ìlà á dúró gbọn-in, kò ní sí èyí tó ń jáde mọ́.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o fi `postsuper -d ALL` gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Má gbọ́. Ìwé owó tí akáńtáǹtì yín fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí lè wà láàárín wọn. Ti info@ nìkan ni kí o pa:

`postqueue -j | jq -r 'select(.sender == "info@example.com") | .queue_id' | postsuper -d -`

Fi dómèènì yín rọ́pò example.com. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o fi MAILER-DAEMON sí ipò àdírẹ́ẹ̀sì info@ lódindi, ìyẹn ni àwọn èyí tí ayé ń dá padà. Wo ohun tó kù pẹ̀lú ojú ara rẹ. Tó bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, `postsuper -H ALL` á tú wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tó ń lo info@, fẹ̀sọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Má pariwo mọ́ ọn. Béèrè bóyá ó tẹ líǹkì kan láìpẹ́ yìí.

Tàdáwà · 12:15 ọ̀sán

Mo ti ṣe é tán. Mẹ́sàn-án péré ló kù nínú ìlà, tiwa sì ni gbogbo wọn. Ti accounts@ wà níbẹ̀ lóòótọ́, íńfọ́ìsì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bàríga. Ká ní mo fi ALL gbá a!

Mo bá àǹtí tó wà ní iwájú sọ̀rọ̀. Wọ́n rántí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ímeèlì kan wọlé pé àpótí wọn ti kún dé 98%, pé kí wọ́n tẹ líǹkì kí àyè lè gbòòrò sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojúewé tó dà bíi Roundcube jáde, wọ́n fi password sí i. Mo béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n ní: "Ṣebí òótọ́ ni pé ó kún? Ìwọ náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé sáfà ń kún."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Aláriwo · 12:19 ọ̀sán

Méèlì "àpótí rẹ kún" ló wá kún àpótí. Ẹ wo ayé.

Ará_Leeds · 1:40 ọ̀sán

Mo ń ka ìjíròrò yín láti Leeds níbí. Ilé-iṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní sáfà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní tábìlì tí ẹ̀sùn spam ń wá. Mo rí irú ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn lójoojúmọ́, kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì nìkan. Irọ́ tí ó bá bá ohun tí èèyàn ti mọ̀ pàdé ló máa ń wọlé. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ò kún rí máa rẹ́rìn-ín, á pa á rẹ́.

Àbúrò Tàdáwà, ẹ lọ wo bóyá IP yín ti wọ ìwé àwọn Spamhaus, àwọn tó ń kọ sáfà tó ń fi spam ránṣẹ́ sílẹ̀. Ojúewé wọn ní ibi tí ẹ lè tẹ IP sí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ má tíì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ yín. Ẹ rí i dájú pé ìlà ti mọ́, pé kò sí àkántì mìíràn tó ti bàjẹ́, kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀. Tí wọ́n bá yọ yín lónìí tí spam tún jáde lọ́la, ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í rọrùn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ẹ yá VPS lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, kí wọ́n tó kọ̀wé sí yín. Àwa tí à ń gba ẹ̀sùn, ẹni tó bá kọ́kọ́ wá sọ fún wa pé "ó ṣẹlẹ̀, a ti tún un ṣe" la máa ń ṣàánú. Ẹni tó dákẹ́ la máa ń ti pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, pa fún.

Ṣé ẹ ní SPF, DKIM, DMARC?

Tàdáwà · 2:05 ọ̀sán

SPF wà. Àwọn méjì tó kù, orúkọ wọn nìkan ni mo mọ̀. IP wa ti wọ ìwé wọn lóòótọ́, mo ń dúró kí ìlà dákẹ́ títí di ọ̀la kí n tó bẹ̀bẹ̀.

Ará_Leeds · 2:30 ọ̀sán

Ẹ ṣe DKIM lọ́sẹ̀ yìí. SPF ń sọ fáyé pé sáfà báyìí-báyìí ló láṣẹ láti fi orúkọ wa ránṣẹ́. DKIM ń fi òǹtẹ̀ lu ímeèlì fúnra rẹ̀. DMARC ló ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún èyí tí kò bá yege; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti p=none, kí ẹ máa ka ìròyìn tó ń wọlé fún oṣù kan kí ẹ tó le koko.

Láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan. Ó kéré tán kí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí Gmail ní SPF tàbí DKIM, kí IP rẹ̀ sì ní orúkọ tó bá a mu nínú DNS, ìwé orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń fi 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí iye àwọn tó ń pè wọ́n ní spam má sì dé 0.3%. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi 5,000 ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí olè fi ń lo info@, ẹ wà lára wọn.

Kí ọ̀ràn yìí má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi Rspamd, asẹ́ spam mìíràn, sílé, ó ní ratelimit. Ẹ sọ pé àkántì kan kò gbọ́dọ̀ fi ju 100 ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Ilé ìtẹ̀wé wo ló máa fi 100 ránṣẹ́ ní wákàtí kan?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ · 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kọ́ ẹ̀yin tó kù lọ́gbọ́n lórí Spamhaus yìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ń bá tọ́jú sáfà. Mo kà á níbì kan pé kí n fi `reject_rbl_client zen.spamhaus.org` sínú Postfix, kó máa lé ẹni tó bá wà nínú ìwé wọn, spam á tán. Mo fi sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Spam tán lóòótọ́. Kò sí ẹyọ kan. Mo ń yin ara mi títí di ọjọ́ Ajé, ìgbà tí ọ̀gá àgbà pè mí pé àwọn òbí ní ímeèlì àwọn ò wọlé mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sáfà mi ń lo 8.8.8.8 ti Google láti béèrè DNS. Spamhaus kì í dá ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá lóhùn. Ó ń dá 127.255.255.254 padà, ìyẹn ni pé "ọ̀nà tí o gbà wá kò dára". Postfix mi ò mọ ìyàtọ̀. Ó rí ìdáhùn, ó ní gbogbo ayé ló wà nínú ìwé ọ̀daràn, ó lé gbogbo ayé. Ọjọ́ mẹ́ta! Èyí tí a sì fi lé wọn, 5 ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 4, nítorí náà wọn ò padà wá.

Ẹ fi Unbound sórí sáfà fúnra rẹ̀ kó máa béèrè DNS tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: `zen.spamhaus.org=127.0.0.[2..11]`, kó jẹ́ pé ìdáhùn tó jẹ́ ẹ̀sùn lóòótọ́ nìkan ni yóò kà sí.

Tàdáwà · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Hẹ̀n-ẹ́n! 8.8.8.8 ni tiwa náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi zen yẹn sí i ni, Ọlọ́run ló bá mi ká a.

Ẹ̀gbọ́n Sáfà_ò_sùn, greylisting ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó dára.

Sáfà_ò_sùn · 7:45 alẹ́

Ó dára fún ẹlòmíì. Greylisting máa ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí pé kó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Spam tó ń sáré kì í padà. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀wé Ṣómólú ni tìrẹ. Oníbàárà á dúró síwájú rẹ, fóònù lọ́wọ́, á ní "mo ti fi ránṣẹ́ o", ìwọ á ní kò tíì dé, òun á ní ẹ̀yin lẹ ò mọ iṣẹ́. Fi postscreen, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Postfix, sí i, ó tó.

Kí o tó ra ohunkóhun, wo /etc/postfix/virtual bóyá ìlà kan wà tó fi @ bẹ̀rẹ̀.

Tàdáwà · 8:02 alẹ́

Ó wà. `@example.com oga@example.com`

Sáfà_ò_sùn · 8:10 alẹ́

Spam 300 ọ̀gá rẹ nìyẹn. Wọ́n ń pè é ní catch-all. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni bá dá, ì báà ṣe sales@, john@, tàbí xyz123@, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń já sí. Àwọn onísùpáàmù máa ń fi gbogbo orúkọ tó wà láyé gbìyànjú, ẹ̀yin sì ń gba gbogbo rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Yọ ọ́. Kọ àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń lò lóòótọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

SpamAssassin náà, ẹ kọ́ ọ. Bayes, apá tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, kì í lanu sọ̀rọ̀ àyàfi tó bá ti rí spam 200 àti ímeèlì gidi 200. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ ọ ní spam nìkan, wọ́n á sì máa ṣàròyé pé kò gbọ́n.

Tàdáwà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Mo yọ catch-all lálẹ́ àná. Láti ìgbà yẹn títí di báyìí, mẹ́rìndínlógún péré ló wọ Junk ọ̀gá. Wọ́n pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ 29 GB. Mo fẹ́ fi autoexpunge 30d, tó ń pa ohun tó ti ju ọjọ́ 30 lọ rẹ́, sí Trash àti Junk, àti sí Sent gbogbo èèyàn. Ṣé ó dára?

Ìyá_Íńfọ́ìsì · 9:05 àárọ̀

Dúró ńbẹ̀. Akáńtáǹtì ni mí, mi ò mọ Postfix, ṣùgbọ́n tí o bá fi ọjọ́ 30 sí Sent accounts@, ìwọ àti ẹni tó ń ṣe ìwé owó yín ò ní jọ máa jẹun mọ́.

Òfin CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Bí àwọn onítáàsì bá dé, íńfọ́ìsì tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n máa béèrè, wọn ò ní béèrè pé disk yín ṣe kún. Trash àti Junk, ẹ pa á. Sent accounts@, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ máa kó àwọn íńfọ́ìsì síta lóṣooṣù, kí wọ́n ní fódà tiwọn, nítorí àpótí ímeèlì kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ìwé.

Sáfà_ò_sùn · 9:30 àárọ̀

Màmá sọ òtítọ́. Mo fi ọ̀kan kún un láti apá kejì. Ilé ìtẹ̀wé yín ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, àbí? Orúkọ àwọn ọmọ, fọ́tò wọn, àdírẹ́ẹ̀sì òbí, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ wà nínú Inbox design@ láti ọdún wo? Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 ní kí ẹ má tọ́jú ìsọfúnni èèyàn pẹ́ ju bí iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún ṣe béèrè lọ. Káàdì ti jáde, wọ́n ti gbà á, wọ́n ti sanwó. Kí ni fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń ṣe lórí sáfà tí olè ti wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?

Nítorí náà accounts@ lọ́tọ̀, design@ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi òfin kan náà lé gbogbo àpótí yóò ṣẹ̀ sí òfin kan tàbí òmíràn.

Tàdáwà · 9:41 àárọ̀

Mi ò ronú dé ibẹ̀ yẹn rí. Káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó pẹ́ jù ti 2019.

Owó_ńkọ́ · 10:10 àárọ̀

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ra disk tó tóbi? 80 GB, ọ̀rọ̀ tán.

Sáfà_ò_sùn · 10:35 àárọ̀

Kò tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún ọ̀gá ìtẹ̀wé ní 80, á di 80. Ọ̀nà tí fáìlì ń gbà wọlé ló yẹ kó yí padà.

Àbúrò, gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ní ibì kan tí oníbàárà ti lè gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ì báà ṣe Nextcloud lórí sáfà mìíràn tàbí fódà Google Drive, kó jẹ́ líǹkì nìkan ni ímeèlì á máa gbé. Nínú ilé náà, má ṣe fi ímeèlì gbé iṣẹ́ láti tábìlì kan dé èkejì. Mítà mẹ́ta ni ìwọ àti ọ̀gá fi jìnnà síra.

Lẹ́yìn náà, quota, ìyẹn òṣùwọ̀n àyè fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Dovecot 2.3 lo ní: `quota_rule = *:storage=3G`, àti `quota_rule2 = Trash:storage=+100M` kí èèyàn tí àpótí rẹ̀ ti kún lè rí ibi kó pàǹtí sí. Àròpọ̀ gbogbo wọn kò gbọ́dọ̀ ju disk lọ, mo ti rí ẹni tó pín 100 GB lórí disk 40. So quota-status mọ́ Postfix pẹ̀lú, kó lè sọ lẹ́nu ọ̀nà pé àyè ò sí. Tó bá gbà á wọlé tán kó tó mọ̀ pé kò sí àyè, yóò máa dá a padà sí ẹni tí wọ́n ji orúkọ rẹ̀ lò, ìyẹn náà sì jẹ́ spam.

Aláriwo · 10:37 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ WhatsApp ńkọ́? Ibẹ̀ làwọn oníbàárà tèmi ń fi gbogbo nǹkan sí.

Tàdáwà · 10:44 àárọ̀

Àwọn tiwa náà ń ṣe é, wọ́n á fi èèpo ìwé ránṣẹ́ bíi fọ́tò. WhatsApp á fún un pọ̀, ojú ìyàwó á dà bí ẹni tó wà nínú kùrukùru, wọ́n á ní ẹ̀rọ wa ni kò dára. A ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document.

Ará_Leeds · 12:20 ọ̀sán

Ohun kan ṣoṣo lórí quota: Dovecot lè kìlọ̀ fún èèyàn kí ó tó kún, quota_warning ni wọ́n ń pè é. Ìwọ lo máa kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Má kọ Gẹ̀ẹ́sì onílíǹkì tó jọ ti àwọn olè. Kọ ọ́ ní èdè tí àǹtí yẹn yóò fi mọ̀ pé ìwọ ni.

Tàdáwà · Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì, 11:00 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá jíṣẹ́. df sọ 47% láàárọ̀ yìí. Spamhaus ti yọ wá. DKIM ti wà, DMARC p=none. Spam tó ń wọlé sí ọ̀gá ò ju 50 lọ lójúmọ́, Junk ló sì ń já sí.

design@ bọ́ sí 2.2G. A pa ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn rẹ́ pátápátá, a sọ fún wọn pẹ̀lú. Ìkìlọ̀ quota tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó: "Àpótí ímeèlì rẹ ti kún dé 80%. Kò sí líǹkì kankan nínú lẹ́tà yìí, a ò sì ní béèrè password rẹ láé. Wá bá Tàdáwà ní yàrá gíráfíìsì." Àǹtí rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n ní "èyí ni mo mọ̀".

Ọ̀gá ló ṣòro. Wọ́n ní kò sí ímeèlì òun tí ẹnikẹ́ni máa pa. A jọ sọ̀rọ̀ títí, wọ́n gbà pé kí n kó ti 2016 sí 2021 sínú Thunderbird, sórí hard disk kan. 13G bọ́ sí 4.2G. Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì kan wá béèrè kàlẹ́ńdà wọn ti 2018, mo rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá ní ṣé ẹ rí i?

Sáfà_ò_sùn · 11:18 àárọ̀

O káre, àbúrò. Hard disk yẹn, ẹ̀dà mélòó ló wà?

Tàdáwà · 11:20 àárọ̀

Ọ̀kan ni o. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ìyá_Íńfọ́ìsì · 11:21 àárọ̀

Háà!

Tàdáwà · 11:26 àárọ̀

Ẹ má bínú. Mo ń wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà báyìí láti ra èkejì.